Àwọ̀ wo ló yẹ ọgbà yín? Mo fi ọ̀nà márùn-ún tí wọ́n ń gbà to òdòdó wéra

Ọgbà àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi gbìn, ohun tó bá ṣáà ti wù mí lójú ni mo rà. Mo gbé bougainvillea tó pọ́n kọjá pínkì, mo gbé marigold aláwọ̀ ọsàn, mo gbé canna pupa fòò, mo wá to gbogbo wọn síwájú ògiri bíríkì pupa. Níbi tí wọ́n ti ń tà wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló rẹwà, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ nígbà tí gbogbo wọn tanná lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn mẹ́rin ń pariwo pa pọ̀ nínú yàrá kan, ẹ ò ní gbọ́ tẹnì kankan. Canna yẹn gan-an, tó wọ́n jù nínú wọn, tẹ́ ẹ bá dúró lẹ́nu géètì ẹ ò lè rí i, pupa ti wọnú pupa, ògiri ti gbé e mì.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ gbígbìn àti híhú, ohun tí mo wá rí ni pé kò sí àwọ̀ tó burẹ́wà, ẹni tó bá jókòó tì í ló ń bà á jẹ́ tàbí kó gbé e ga. Àwọn aláró ti mọ èyí tipẹ́. Ní 1824, wọ́n fi onímọ̀ kẹ́místírì kan tó ń jẹ́ Michel Eugène Chevreul ṣe ọ̀gá ibi tí wọ́n ti ń pa òwú láró nílé iṣẹ́ Gobelins ní Paris, àwọn èèyàn wá ń ráhùn pé aró dúdú wọn kì í dúdú tó. Bàbá yẹn yẹ aró náà wò títí, kò rí àbùkù kankan lára ẹ̀, àṣé òwú búlúù àti elése àlùkò tí wọ́n hun mọ́ ọn ló ń jẹ́ kí dúdú yẹn dà bíi pé ó ti ṣá. Ọdún 1839 ló gbé gbogbo àlàyé ẹ̀ jáde, kò sì fi mọ sórí òwú, ó sọ̀rọ̀ dé orí òdòdó inú ọgbà.

Ọ̀nà márùn-ún ni mo fẹ́ fi wéra: àwọ̀ kan ṣoṣo, àwọ̀ tó jẹ́ ìyekan ara wọn, àwọ̀ tó dojú kọra, àwọ̀ oríṣiríṣi, àti ọgbà tó jẹ́ pé ewé ló ń ṣe iṣẹ́ òdòdó. Mo ti gbìyànjú gbogbo wọn, èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ ni mo ṣe kò dáa kó tó wá dáa.

Ohun tí mo fi díwọ̀n wọn

Ìnáwó kọ́kọ́. Kì í ṣe owó ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni mò ń sọ o, mò ń sọ iye ìgbà tẹ́ ẹ máa padà lọ ra òmíì. Zinnia, cosmos àti marigold, tí wọ́n bá ti tanná tí wọ́n sì so èso tán, iṣẹ́ wọn ti parí nìyẹn, ẹ óò tún un gbìn ni. Ixora, hibiscus tàbí bougainvillea lè wà lójú kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kẹ́ ẹ ṣáà máa bu omi sí i kẹ́ ẹ sì máa fi àlùmọ́gàjí ré e.

Ìkejì, ṣé ó ṣeé gbára lé? Ìyẹn ni pé tí igi kan bá kú, tàbí tó bá kọ̀ tí kò tanná lásìkò, ṣé gbogbo ètò náà máa dàrú ni àbí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ ní mọ̀?

Ìkẹta rèé, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ó rárá: aago mélòó lẹ máa ń wo ọgbà yín? Tẹ́ ẹ bá ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tẹ́ ẹ sì ń wọlé lẹ́yìn tí oòrùn ti wọ̀, ọgbà tó ń tàn yòò lọ́sàn-án yẹn, ẹlòmíì lẹ gbìn ín fún. Ọ̀nà méjì ni ojú wa ń gbà ríran, ọ̀kan wà fún ọ̀sán, ọ̀kan wà fún ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, èyí tó wà fún ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ rí pupa rárá, funfun àti búlúù ló máa ń yọ sí i jù. Jan Purkyně, ọmọ ilẹ̀ Czech, ti kọ nípa ẹ̀ láti 1825. Ẹ bọ́ sí ìta lálẹ́ òní kẹ́ ẹ wò ó, hibiscus tó pọ́n bí iná lọ́sàn-án máa ti dúdú bí èédú, ewé tó yí i ká ló máa mọ́lẹ̀ jù ú lọ.

Ìkẹrin ni ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbìn ín sí, bó ṣe tóbi sí, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀, àti bí oòrùn tó ń rí ṣe pọ̀ tó. Pupa, ọsàn àti ìyeyè máa ń sún mọ́ èèyàn lójú, búlúù àti elése àlùkò máa ń sún sẹ́yìn, torí náà tẹ́ ẹ bá gbin pupa sí ìparí ọgbà kékeré, ńṣe ni ọgbà yẹn máa kúrú sí i, tẹ́ ẹ bá gbin búlúù síbẹ̀ á dà bíi pé ilẹ̀ ṣì kù lẹ́yìn.

Ẹ dákun ẹ jẹ́ n yà sẹ́bàá ọ̀nà díẹ̀. Nínú Yorùbá wa yìí, pupa gba àlejò púpọ̀ sílé. Ọsàn ni o, ìyeyè ni o, gbogbo ẹ̀ la lè pè ní pupa, dúdú náà sì gba búlúù àti ewé minimini mọ́ra. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu kò sí wàhálà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń ránṣẹ́ ra igi òdòdó, ibẹ̀ ni ejọ́ wà. Ẹnì kan ta ixora fún mi rí, ó ní pupa ni, mo gbìn ín, mo tọ́jú ẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, ó tanná báyìí, ìyeyè! Mo pe onítọ̀hún, ó ní, "Ṣé kì í ṣe pupa nìyẹn ni?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ jàre, tàbí kẹ́ ẹ rà á nígbà tó bá ti tanná tẹ́ ẹ ti fojú ara yín rí i.

Àwọ̀ kan ṣoṣo

Kí gbogbo òdòdó jẹ́ funfun, tàbí kí gbogbo ẹ̀ jẹ́ pínkì, tàbí búlúù. Èyí tó lókìkí jù nínú irú ẹ̀ ni ọgbà funfun tó wà ní Sissinghurst, ní Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Vita Sackville-West àti ọkọ ẹ̀ Harold Nicolson ló ra ilé náà ní 1930, ó di nǹkan bí 1950 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ọgbà funfun yẹn. Àwọn tó ń fara wé wọn kì í sábà rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: funfun nìkan kọ́ ló wà nínú ẹ̀, ewé aláwọ̀ eérú àti ewé tútù ló pọ̀ jù, òun ló ń gbé funfun ró. Funfun tí kò ní ewé tó dúdú lẹ́yìn, pàápàá níbi tí oòrùn ti ń mú, á kàn máa ṣẹ́jú mọ́ yín ni, bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.

Tó bá di ọ̀rọ̀ kó ṣeé gbára lé, kò sí èyí tó tó o. Tí ọ̀kan bá kú, ẹ fi funfun míì dí ojú ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Rírà ẹ̀ náà ò le, torí funfun wà nínú ohun gbogbo, periwinkle, zinnia, hibiscus, bougainvillea, rósì, gbogbo wọn ló ní funfun. Ìrọ̀lẹ́ sì ni àsìkò ẹ̀ gan-an, nígbà tí pupa ti wọ òkùnkùn lọ, funfun ṣì ń hàn báláú.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló wà níbẹ̀. Òdòdó pupa tó ti ń rọ, ẹ lè má tètè rí i. Òdòdó funfun tó ti ń rọ, àtòkèèrè lẹ ó ti rí i, á pọ́n bíi bébà tó ti pẹ́ nínú oòrùn, tí òjò bá wá rọ̀ sí i á dà bíi tíṣù tó jábọ́ sínú omi. Ẹ óò máa já a lójoojúmọ́ ni. Ohun mìíràn tún ni pé funfun ò dọ́gba. Funfun báláú wà, funfun tó ní omi wàrà nínú wà, tẹ́ ẹ bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èyí tó ní omi wàrà yẹn á dà bí aṣọ tí wọn ò fọ̀ mọ́. Ẹ yan ọ̀kan.

Àwọn tó fẹ́ búlúù nìkan, ẹ rọra o. Búlúù tòótọ́ ò pọ̀ láàárín òdòdó: plumbago, evolvulus, agapanthus, àwọn salvia kan. Rósì búlúù ò sí. Àwọn tó ń ta hóró rósì búlúù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí fọ́tò ẹ̀ ń dán bí ọ̀dà ọkọ̀, ẹ má dá wọn lóhùn, jìbìtì ni. Kódà èyí tí àwọn onímọ̀ yí àjogúnbá inú ẹ̀ padà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Japan ní 2009, elése àlùkò tó ṣì, ìyẹn tí àwọ̀ ẹ̀ ò kún, ló jọ lójú. Tó bá wá jẹ́ hydrangea lẹ gbójú lé, ilẹ̀ yín ló máa pinnu fún un, níbi tí ilẹ̀ bá ti kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, tí pH ẹ̀ (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó, bó bá ṣe kéré tó ni ilẹ̀ ṣe kan tó) ò ju 5.5 lọ, á yọ búlúù torí pé ó ń rí aluminium fà mu, níbi tí ilẹ̀ ò bá ti kan, pínkì lẹ máa rí.

Gertrude Jekyll, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó to ọgbà tó tó nǹkan bí 400 kó tó kú ní 1932, ti fún àwọn olórí kunkun lésì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní tí ọgbà búlúù bá ń bẹ̀bẹ̀ fún funfun tàbí ìyeyè tó ṣì, kí wọ́n fún un, kí wọ́n má tìtorí orúkọ ba ọgbà jẹ́. Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀ pátápátá.

Àwọ̀ tó jẹ́ ìyekan ara wọn

Ẹ fojú inú to àwọn àwọ̀ yìí yípo bí òbìrìkìtì: pupa, ọsàn, ìyeyè, àwọ̀ ewé, búlúù, elése àlùkò, ká tún padà sórí pupa. Èyí tó bá fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn nínú òbìrìkìtì yẹn, ìyekan ni wọ́n. Pupa, ọsàn àti ìyeyè jẹ́ ìdílé kan, àwọn là ń pè ní ìdílé gbígbóná. Búlúù, elése àlùkò àti pínkì tó fẹ́ jọ elése àlùkò jẹ́ ìdílé míì, àwọn ni ìdílé tútù.

Èyí ni mo máa ń sọ fún ẹni tí kò gbin òdòdó rí. Ó ṣòro kó bàjẹ́. Kò fi dandan lé e pé kí gbogbo wọn tanná lọ́jọ́ kan náà, tí ti pupa bá ti kúrò, ti ọsàn á ti máa bọ̀, ojú ò ní rí ibi tó já. Owó ẹ̀ náà mọ níwọ̀n torí ẹ ò ní láti wá irúfẹ́ kan pàtó kiri, ohun tẹ́ ẹ bá rí nínú ìdílé yẹn á bá a lọ.

Jekyll yẹn kan náà, tó kọ́ṣẹ́ yíyàwòrán kó tó di pé ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ní ebè gígùn kan nílé ẹ̀ ní Munstead Wood, nǹkan bí mítà 60. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí búlúù, eérú, funfun àti ìyeyè tó ṣì, ó ń gbóná bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé ọsàn àti pupa láàárín gbùngbùn, ó tún wá ń tutù padà lọ sí òpin kejì, bí ìlù tó gòkè tó tún sọ̀. Ebè yín ò ní láti gùn tó ìyẹn, mítà mẹ́rin ti tó láti ṣe ìdajì ẹ̀.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé pupa ò ṣe ọ̀kan. Pupa kan wà tó ń ṣe bí ẹni ń lọ sílé ọsàn, òmíì wà tó jẹ́ pé ilé àlùkò ló ń lọ. Àwọn méjèèjì yìí kì í gbé pọ̀. Ohun tó fa ìjà láàárín bougainvillea mi àti marigold nìyẹn, mo rò pé ìyekan ni wọ́n, àṣé àdúgbò méjì ni wọ́n ti wá. Bí mo ṣe ń dá wọn mọ̀ báyìí rèé: mo máa já ewé òdòdó kan lára èyí tí mo ní nílé, mo máa tẹ̀ ẹ́ sáàárín bébà, mo máa mú un dání lọ síbi tí mo ti fẹ́ ra òmíì, mo máa gbé e lé orí èyí tí mo fẹ́ rà nínú oòrùn. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ojú yín máa sọ fún yín. Ọ̀kan nínú wọn á ṣàdédé dọ̀tí tí wọn ò bá bára mu.

Àbùkù kejì ni pé ó lè súni. Tí gbogbo ẹ̀ bá jẹ́ elése àlùkò àti búlúù tó ga bákan náà, tí ewé wọn náà tún rí bákan náà, ojú ò ní rí ibi tó máa dúró sí. Ẹ jẹ́ kí gíga àti ìrísí wọn yàtọ̀.

Àwọ̀ tó dojú kọra

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì ti tàn mí jù. Àwọn àwọ̀ tó kọjú síra nínú òbìrìkìtì yẹn lẹ máa mú: pupa àti àwọ̀ ewé, ọsàn àti búlúù, ìyeyè àti elése àlùkò. Tí wọ́n bá wà pa pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa gbé èkejì jáde débi pé ẹ máa rò pé ẹnì kan tan iná sí i.

Pupa àti àwọ̀ ewé ni olówó pọ́ọ́kú nínú wọn, torí ewé ti wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí canna mi yẹn ṣe jíǹde. Mo hú u kúrò níwájú bíríkì, mo gbé e síwájú igi tí ewé ẹ̀ dúdú minimini, láti géètì lẹ ti máa ń rí i báyìí. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé àwọn kan wà tí ojú wọn kì í fìyàtọ̀ sáàárín pupa àti àwọ̀ ewé, láàárín àwọn ọkùnrin tó wá láti àríwá Yúróòpù ó tó nǹkan bí 1 nínú 12, obìnrin ò pọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, òdòdó pupa nínú ewé lè máà jẹ́ nǹkan kan lójú ẹ̀. Ọsàn àti búlúù lẹ máa fún un, ìyẹn kì í sábà sá mọ́ wọn lójú.

Ìwọ̀n ló ń bà á jẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pín in ní dọ́gbadọ́gba, ìdajì ọsàn, ìdajì búlúù, ó wá ń gbọ̀n lójú bí ẹni ń wo nǹkan nínú ooru iná. Àwọn ayàwòrán ní ìṣirò tó dáa tí wọ́n ń lò: ìyeyè máa ń mọ́lẹ̀ gan-an, elése àlùkò sì máa ń dúdú, torí náà ìyeyè kan sí elése àlùkò mẹ́ta ni wọ́n á fi dọ́gba lójú. Ọsàn kan sí búlúù méjì. Pupa àti àwọ̀ ewé ló lè jẹ́ ọ̀kan sí ọ̀kan, nínú ọgbà ṣá, ewé kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ó máa ń pọ̀ jù, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Ebè kan wà lábẹ́ fèrèsé mi, salvia búlúù mẹ́wàá, zinnia ọsàn márùn-ún, mi ò tò wọ́n ní ìlà o, mo kó zinnia mẹ́ta sójú kan, mo fi méjì tó kù sí ìkángun kejì. Láàárọ̀, kí oòrùn tó bọ́ sí i, salvia yẹn á fẹ́ dà bí èéfín, zinnia á wá dúró sínú ẹ̀ bí ẹyin iná. Mo ti pẹ́ síbi iṣẹ́ rí nítorí ẹ̀.

Àmọ́ ká má tan ara wa jẹ, nínú márààrún, òun ló ṣòro jù láti gbára lé. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ tanná lásìkò kan náà, tí ọ̀kan bá pẹ́, ẹ ò ní ètò kankan, ẹ kàn ní òdòdó ọsàn nínú ilẹ̀ ni. Ọdún kan wà tí kòkòrò jẹ zinnia mi tán nígbà tí salvia ṣì ń tanná, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi wo búlúù nìkan. Ọ̀nà àbáyọ tí mo rí ni kẹ́ ẹ fi ewé ṣe ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ gbin Tradescantia pallida, tí ewé ẹ̀ jẹ́ elése àlùkò látòkè délẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi lantana oníyeyè sí àárín ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ò ní kúrò níbẹ̀ láé, lantana náà kì í sì í sinmi títanná. Ìnáwó á já, ìbẹ̀rù náà á já.

Ojú kan tàbí méjì sì ni kẹ́ ẹ ti lò ó, ẹnu ọ̀nà, tàbí ibi tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí. Tí gbogbo ọgbà bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú á rẹ èèyàn.

Àwọ̀ oríṣiríṣi

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ohun tí gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ ṣe náà ni, àwọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, gbogbo ẹ̀ pa pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ra hóró zinnia tàbí cosmos àdàlù tẹ́ ẹ fọ́n ọn sílẹ̀, kò sí ọgbà tó dínwó tó o níbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn ẹ̀, oyin náà fẹ́ràn ẹ̀ (oyin kì í rí pupa bí a ṣe ń rí i, àmọ́ ó ń rí ìmọ́lẹ̀ ultraviolet tí àwa ò lè rí, torí náà ohun tó ń rí lára òdòdó yín yàtọ̀ sí tiyín). Tí ọ̀kan bá kú, ta ló máa mọ̀?

Ohun tó ń mú un dà rúdurùdu ni gbígbìn ín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pupa kan, ìyeyè kan, pínkì kan, bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já dànù. Ẹ kó wọn ní mẹ́tamẹ́ta tàbí márùn-márùn-ún, kẹ́ ẹ yan àwọ̀ mẹ́ta péré, kẹ́ ẹ sì máa tún àwọn mẹ́ta yẹn pè jálẹ̀ ebè náà, kẹ́ ẹ wá fi ewé tàbí funfun là wọ́n láàárín. Ìyàtọ̀ tó máa wà níbẹ̀ máa yà yín lẹ́nu. Ìnáwó ẹ̀ wá wà nígbẹ̀yìn, torí òdòdó ọlọ́dún kan ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, gbogbo ìgbà lẹ óò máa gbìn.

Ọgbà ewé

Òdòdó á wá, á lọ. Ewé ló ń gbé nílé. Èyí tí mo fi tún ọgbà mi ṣe nìyí, ká ní mo ti mọ̀ ni, òun ni mi ò bá fi bẹ̀rẹ̀.

Croton ní pupa, ọsàn, ìyeyè àti dúdú lára ewé kan ṣoṣo. Coleus ń wá ní pupa bí ẹ̀jẹ̀, pínkì, àwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ ìyeyè. Caladium ń wá ní funfun tí iṣan ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, tàbí pínkì tí etí ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Duranta kan wà tí ewé ẹ̀ jẹ́ ìyeyè láti orí dé ẹsẹ̀. Cordyline ní tiẹ̀ á dúró gbọnrangandan bí ọ̀pá tó wọ aṣọ pupa. Tẹ́ ẹ bá to wọn ní ìyekan tàbí ní ìdojúkọ, gbogbo òfin tí mo sọ lókè yìí ló ṣì wà níbẹ̀, kìkì pé àwọ̀ yẹn ò ní lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bougainvillea pàápàá, ewé ló fi ń tan gbogbo wa. Ẹ mú ọ̀kan kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀ dáadáa, ohun pínkì tó fẹ́lẹ́ bí bébà yẹn, ewé ni, òdòdó ẹ̀ gan-an ni nǹkan funfun wínníwínní tó wà láàárín. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè rọ bíi ti hibiscus, tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò ju ọjọ́ kan lọ tó fi máa kákò.

Ìnáwó? Ẹ ra ẹyọ kan, ẹ ré ẹ̀ka coleus, ẹ ki í bọ inú ife omi, kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì á ti ta gbòǹgbò. Mo ti pín tèmi fún àwọn aládùúgbò débi pé tí tèmi bá kú lónìí, ìloro ẹlòmíì ni mo máa ti lọ gba irú ẹ̀.

Ibi tó ti máa ń dun èèyàn ni oòrùn. Croton tẹ́ ẹ rà torí pupa ara ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé e síbòji, ewé tuntun tó bá ń yọ á máa jẹ́ àwọ̀ ewé lásán ṣáá, pupa á pòórá. Coleus, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló jẹ́ pé òdìkejì ni, tí oòrùn ọ̀sán bá pa á, etí ẹ̀ á jó, àwọ̀ ẹ̀ á ṣá. Caladium fẹ́ ìbòji, ó sì máa ń wọlẹ̀ lọ sùn fún oṣù mélòó kan lọ́dún, ihò á wá wà níbi tó wà, ẹ fi nǹkan míì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwọn ewé eléérú bíi dusty miller, irun wẹ́wẹ́ tó wà lára wọn ló ń jẹ́ kí wọ́n rí bẹ́ẹ̀, irun yẹn kì í fẹ́ omi tó pọ̀, níbi tí òjò ti ń rọ̀ ṣáá tí afẹ́fẹ́ sì tutù, wọ́n á jẹrà. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀ka tó yọ ewé tútù lásán lára igi tí ewé ẹ̀ ní funfun tàbí ìyeyè, ẹ gé e lójú ẹsẹ̀, torí oúnjẹ tó ń ṣe fún ara ẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn tó kù lọ, á yára ju wọ́n lọ, á sì gba gbogbo igi náà. Oje croton tún máa ń yún àwọn kan lára, ẹ fọwọ́ yín tẹ́ ẹ bá gé e tán, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kékeré máa fẹnu kàn án.

Kẹ́ ẹ tó gbẹ́lẹ̀

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, kẹ́ ẹ tó yọ igi kankan nínú náílọ́ọ̀nù ẹ̀, ẹ tò wọ́n sórí ilẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ gbìn wọ́n, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ pẹ̀lú fóònù, ẹ wá sọ fọ́tò yẹn di dúdú àti funfun. Tí gbogbo ẹ̀ bá wá jọ eérú kan náà, tẹ́ ẹ ò mọ èyí tó jẹ́ òdòdó yàtọ̀ sí ewé, ọgbà yẹn máa jọ bẹ́ẹ̀ náà látòkèèrè, bó ti wù kí àwọ̀ wọn pọ̀ tó. Ẹ ki funfun tàbí ìyeyè tó ṣì bọ̀ ọ́, tàbí ewé tó dúdú gan-an. Ká ní mo ti ṣe èyí nígbà ayé canna yẹn, mi ò bá ti rí i pé òun àti bíríkì dọ́gba.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń rí ọgbà ẹ̀, funfun ni kó mú, kó fi ewé dúdú sẹ́yìn ẹ̀, tó bá ṣáà ti máa ráàyè já èyí tó ti rọ. Tí kò bá ráàyè, kó fi búlúù tó ṣì díẹ̀ là á láàárín, ìyẹn kì í tètè ṣàfihàn ìdọ̀tí.

Ẹni tí kò gbin nǹkan rí, tàbí tó ní ebè gígùn, kó mú ìyekan. Tí àyè ẹ̀ bá kéré, ìdílé tútù ni kó mú, pupa á fún un pa.

Ẹni tó máa ń wà nílé lọ́sàn-án, tó fẹ́ràn àtimáa tún nǹkan ṣe, tí ọkàn ẹ̀ sì lè gbé e tí ọ̀kan bá kọ̀ tí kò tanná, kó lọ fún ìdojúkọ, lójú kan péré, ó dáa kó fi ewé ṣe ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹni tó lọ́mọ kékeré tó fẹ́ fọ́n hóró, kó gba oríṣiríṣi, kó yan àwọ̀ mẹ́ta, kó máa kó wọn pọ̀.

Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ń dí, ẹni tó ń rìnrìn àjò, ẹni tí kò fẹ́ máa ra nǹkan lójoojúmọ́, ewé ni tiẹ̀, kó ṣáà wo bí oòrùn ibẹ̀ ṣe rí kó tó yan croton tàbí coleus.

Tó bá wá jẹ́ ilé háyà lẹ wà, ẹ má gbin nǹkan kan sílẹ̀ rárá, ìkòkò ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ gbé pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé dúdú lónìí, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyeyè lọ́la, ẹ máa tì wọ́n kiri títí wọ́n á fi bára mu, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sì máa kó lọ, ẹ kó wọn dání.